Ohun Tí Àpínkẹ́ Kọ Sí Etí Ìwé

Ẹni tó pè: Nimat, aránṣọ l'Ìkòsí. Ọsibítù ojú kan ní Kétu ló ti pè.
Ẹni tí wọ́n pè: Aunty Judith, tíṣà. Inú ọkọ̀ ojú omi ló wà, láti Agbóyì.
Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

[Fóònù ń dún. Ó dún pẹ́. Wọ́n gbé e.]

NIMAT: Hẹ́lò? Hẹ́lò, Aunty Judith—

JUDITH: Nimat! Ọmọ dáadáa! Káàsán o.

NIMAT: Ẹ káàsán, ma. Ẹ kú iṣẹ́, ma. Ilé ńkọ́?

JUDITH: A dúpẹ́. Inú mi dùn lónìí, o ò lè mọ̀. Daddy ńkọ́? Ojú wọn ńkọ́?

NIMAT: Ọsibítù la wà báyìí. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà lánàá. Aago kan ni wọ́n máa tú báńdéèjì—

JUDITH: Jésù, ẹ ṣeun o!

NIMAT: Àmín, ma. Aunty, ẹ jọ̀ọ́, Jayé ò gbé fóònù mi.

[Ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi]

JUDITH: Ta ni?

NIMAT: Jayé. Jayé inú group àwa tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá láti àárọ̀. Ó ń dún, kò gbé e.

JUDITH: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

NIMAT: Mo gbọ́ yín. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

JUDITH: Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo wà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò l'Agbóyì. Network ibí yìí, bó ṣe ń wá ló ń lọ. Ṣé Daddy ti jẹun?

NIMAT: Wọ́n ti mu ẹ̀kọ. Aunty, mo ní Jayé—

JUDITH: Ẹ̀kọ dáa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, kó má jẹ nǹkan líle. Àti ata. Kí wọ́n má jẹ ata.

NIMAT: Aunty, ẹ gbọ́ tèmi ná! Jayé ní ìwé máa dé ọ̀dọ̀ mi lánàá. Ó ní ọlọ́kadà dispatch máa gbé e wá, gbogbo méjèèjìlá, ìyẹn mọ́kànlá tèmi àti ẹyọ kan tó sọnù. Mi ò rí dispatch, mi ò rí ìwé, mi ò rí Jayé.

JUDITH: Ìwé wo?

NIMAT: Ìwé wo kẹ̀?

JUDITH: Ariwo pọ̀ níbí, Nimat.

NIMAT: Ìwé Mummy mi! *Morẹ́nikẹ́ Alájà Kẹta*. Ìwé ìfẹ́ aláwòrán, apá kìíní dé ìkọkànlá. Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe onídùúró lé lórí.

JUDITH: Ẹ̀n-ẹ́n.

NIMAT: “Ẹ̀n-ẹ́n” bí i báwo, ma?

JUDITH: Mò ń gbọ́ ẹ. Máa sọ ọ́ lọ.

NIMAT: Daddy ò mọ̀ pé ìwé yẹn ò sí nílé. Ọdún méjì ni wọn ò fi ríran, wọn ò rí i nígbà tí mo fà á yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n ti wá sọ fún gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà níbí. Wọ́n ní bí àwọn bá lajú, àwọn ò fẹ́ rí dókítà, àwọn ò fẹ́ rí èmi gan-an. Wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé Àpínkẹ́ ni àwọn máa kọ́kọ́ wò. Aunty, kí ni mo fẹ́ gbé síwájú wọn?

JUDITH: Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀ mà nìyẹn.

NIMAT: Etí ìwé yẹn ni wọ́n fi fẹ́ ara wọn, ẹ mọ̀ ọ́n! Wọn ò ní ibi tí wọ́n ti lè rí ara wọn, torí bàbá Mummy le. Daddy á ra apá kan, á kọ ìbéèrè sí etí ẹ̀, á fi ránṣẹ́. Mummy á ra èyí tó tẹ̀ lé e, á kọ ìdáhùn sí etí tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ títí dé ìkọkànlá. Ibẹ̀ ni Daddy ti kọ ọ́ pé, “Àpínkẹ́, ṣé wàá fẹ́ mi?”

JUDITH: Mo rántí.

NIMAT: Mummy sì dáhùn nínú ìkejìlá, ìwé yẹn sọnù lójú ọ̀nà kó tó dé ọwọ́ Daddy. Wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n bí mi, Mummy ò sọ ohun tí wọ́n kọ títí tí wọ́n fi kú. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Yàkúbù, wá ìwé ẹ rí, kó o kà á.”

JUDITH: O ti kọ gbogbo ìyẹn sórí group, Nimat. Èmi náà sunkún. Orí mi fọ́ lọ́jọ́ yẹn.

NIMAT: Jayé wá ní ìkejìlá wà lọ́wọ́ òun. Ó ní òun ò lè fi ẹyọ kan ṣoṣo ránṣẹ́ láìtò ó mọ́ àwọn yòókù kí òun fi ọwọ́ ìkọ̀wé wéra. Ó ní bí àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ṣe ń ṣe é nìyẹn.

JUDITH: Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lóòótọ́.

NIMAT: Òfin group sì ni pé àjòjì ò gbọdọ̀ gba ẹrù ẹnikẹ́ni àfi tó bá ní onídùúró. Ẹ̀yin lẹ jáde. Ó ṣì wà lórí fóònù mi níbí. “Èmi Judith ni onídùúró Jayé. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọmọ inú ẹ̀.” Bí mo ṣe rí ìyẹn, mo gbé ìwé fún ọlọ́kadà lábẹ́ bíríìjì Kétu. Mi ò tiẹ̀ rí ojú Jayé rí.

JUDITH: O ò rí ojú ẹ̀ rí, o kó ìwé ìyá ẹ fún un?

NIMAT: Ẹ̀yin ni mo kó o fún! Ẹnu yín ni mo kó o fún, Aunty!

[Ẹ́ńjìnnì tún ké sókè]

JUDITH: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

NIMAT: Mo gbọ́ yín.

JUDITH: Mo ní kò yẹ kó o fọkàn tán èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

NIMAT: [ó mí kanlẹ̀] Mi ò ní parọ́ fún yín. Ohùn ẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ó máa ń fi voice note ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ohùn yẹn, Aunty, ó máa ń wọlé síni lára bí omi lọ́wọ́ọ́rọ́. “Adúmáadán mi, ṣé o sùn dáadáa?” Màá jókòó sídìí máṣìn, aṣọ àwọn oníbàárà á wà lẹ́sẹ̀ mi, mi ò ní lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo ń rò ó pé bóyá ọjọ́ tó bá máa gbé ìwé wá fúnra ẹ̀, bóyá ọjọ́ yẹn—

JUDITH: [ó bú sẹ́rìn-ín] Adúmáadán?

NIMAT: Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?

JUDITH: Èmi náà ló ń pè bẹ́ẹ̀.

NIMAT: Ẹ̀yin kẹ̀?

JUDITH: Èmi, ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. “Adúmáadán mi, ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́?” Ó tiẹ̀ máa ń bá mi gbàdúrà.

NIMAT: Ṣé… ṣé àwàdà lẹ ń ṣe?

JUDITH: Mi ò bá ẹ ṣàwàdà. Mo ti ní inú mi dùn lónìí, àmọ́ kì í ṣe àwàdà.

NIMAT: Kí ló mú inú yín dùn gan-an, ma? Láti ìgbà tí mo ti pè.

JUDITH: Reuben ti padà sílé.

NIMAT: Reuben wo?

JUDITH: Ọmọ mi.

NIMAT: Aunty… ẹ ní Reuben kú. Ẹ ní ọmọ ọdún mẹ́rin ni.

JUDITH: Àwòrán ẹ̀ ni mò ń wí. Ẹyọ kan ṣoṣo tó wà láyé. Mò ń kó àwòrán àtijọ́ jọ, o mọ̀, àwọn tí wọ́n yà ní sítúdíò láyé àwọn bàbá wa. Mo kó álúbọ́ọ̀mù kan fún Jayé. Mi ò rántí pé àwòrán Reuben wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, mo fi pamọ́ síbẹ̀ nígbà tí mi ò lè máa wò ó. Ọjọ́ kejì ni mo rántí.

NIMAT: Ẹ ò sọ fún un?

JUDITH: Oṣù mẹ́fà ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ó máa ń dá mi lóhùn jẹ́jẹ́. “Ẹ fọkàn balẹ̀, adúmáadán. Ó wà lọ́wọ́ mi, kò lè sọnù.” Láàárọ̀ yìí, dispatch kan ilẹ̀kùn. Ó wà nínú báàgì mi báyìí. Mo fi ọ́ńfílọ́ọ̀pù mẹ́ta wé e kí omi má bàa ta sí i.

NIMAT: Ó dá a padà lásán?

JUDITH: Hẹ́lò?

NIMAT: Mo ní ṣé ó dá a padà lásán?

JUDITH: Hẹ́lò? Nimat? Ṣé o gbọ́ mi?

NIMAT: Ẹ má ṣe bíi pé network ni! Mo gbọ́ yín kedere! Kí ló gbà kó tó dá a padà?

[Omi ń lu ara ọkọ̀.]

JUDITH: Ó ní kí n mú ẹnì kan wá. Ẹnì kan péré tó ní nǹkan gidi lọ́wọ́.

NIMAT: Ẹnì kan.

JUDITH: Kí n ṣe onídùúró fún òun lójú ẹni yẹn. Kò ju ìyẹn lọ.

NIMAT: Èmi ni.

JUDITH: Àwa mẹ́rìnlénígba la wà lórí group yẹn. Ìtàn tìẹ ló dùn jù.

[Nǹkan kan já bọ́ sílẹ̀]

NIMAT: Ìwọ obìnrin yìí.

JUDITH: Nimat.

NIMAT: Ìwọ obìnrin yìí, o tà mí! O jókòó sí Agbóyì, o fi ẹnu ara ẹ pè mí ní ọmọ ẹ, o sì tà mí!

JUDITH: Ṣé èmi lò ń sọ “ìwọ” sí? Mo lè bí ẹ o!

NIMAT: O ò bí mi! Ẹni tó bí mi, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ lo fi ra àwòrán!

JUDITH: Má pariwo. Fóònù mi máa ń ké síta, àwọn èèyàn wà nínú ọkọ̀ yìí, òbí àwọn ọmọ kíláàsì mi wà ńbẹ̀.

NIMAT: Kí wọ́n gbọ́! Kí wọ́n mọ irú tíṣà tó ń kọ́ wọn lọ́mọ!

JUDITH: Tó o bá fẹ́ bú mi, màá pa fóònù. Tó o bá fẹ́ gbọ́ ibi tí ìwé ẹ wà, wàá fetí sílẹ̀. Èwo lo fẹ́? Ṣé o gbọ́ mi?

NIMAT: Mo gbọ́.

JUDITH: Ó dáa bẹ́ẹ̀.

NIMAT: Ìkejìlá ńkọ́? Ṣé ó wà pẹ̀lú àwọn yòókù?

JUDITH: Kò sí ìkejìlá.

NIMAT: Ó wà. Ó fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ̀ ẹ́ sókè, mo wò ó dáadáa. Ọwọ́ Mummy mi ni. Bí wọ́n ṣe máa ń tẹ ìdí “y” bí ìwọ̀ ẹja, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

JUDITH: Ìwọ fúnra ẹ lo ya etí ìwé mọ́kànlá sórí group. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ìyá ẹ kọ̀wé, kí ló tún ń wá? Obìnrin kan tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù l'Ọwọ́rọ̀ ló kọ ọ́. Wọ́n rẹ bébà náà sínú omi tíì kó lè gbó.

NIMAT: Irọ́ ni.

JUDITH: Bó o bá fẹ́ kó jẹ́ irọ́.

NIMAT: Ọ̀rọ̀ yẹn ò lè jẹ́ irọ́! “Yàkúbù, o ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bèèrè? Láti apá kẹta ni mo ti ń tọ́jú ìka mi de òrùka rẹ.” Ẹni tí ò fẹ́ràn èèyàn, ṣé ó lè kọ irú ẹ̀? Mo kà á fún Daddy lánàá látinú fóònù mi, lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fẹ́ fi gbé wọn wọlé fún iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ẹkún wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ní kí wọ́n dákẹ́, pé omijé máa da iṣẹ́ rú.

JUDITH: Ó dùn mọ́ wọn nínú?

NIMAT: Kí ni?

JUDITH: Ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣé ó dùn mọ́ wọn nínú?

NIMAT: Kí ló kàn yín níbẹ̀?

JUDITH: Èmi ni mo ronú ẹ̀.

NIMAT: Ẹ̀yin?

JUDITH: Jayé ní obìnrin ló yẹ kó sọ ohun tí wọ́n máa kọ. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, mo ro ohun tí ǹ bá kọ ká ní ẹnikẹ́ni ti bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo pa á rẹ́. Èyí tó ní òrùka nínú yẹn ló wù mí jù.

NIMAT: Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ sí bàbá mi létí.

JUDITH: Wọ́n gbádùn ẹ̀, àbí wọn ò gbádùn ẹ̀?

NIMAT: Ẹ̀yin lẹ dá bàbá mi lóhùn. Kì í ṣe Mummy mi.

JUDITH: Nimat, aago ń lọ. Ṣé aago kan lo ní?

NIMAT: Níbo ni ìwé mi wà?

JUDITH: Ṣómólú ni wọ́n gbé e lọ.

NIMAT: Kí ló gbé e dé Ṣómólú?

JUDITH: Ẹnì kan lókè òkun ló fẹ́ ẹ. Irú ìwé ìfẹ́ aláwòrán yẹn ti wọ́n gan-an báyìí. Àmọ́ ẹni yẹn ní mímọ́ lòun fẹ́. Kò fẹ́ ìkọkúkọ lára ẹ̀.

NIMAT: Ìkọkúkọ.

JUDITH: Ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn, kì í ṣe tèmi. Jayé wá gbé e lọ fún àwọn tó ní máṣìn ìgéwèé.

NIMAT: Kí wọ́n gé kí ni?

JUDITH: Etí ẹ̀. Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

NIMAT: Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

JUDITH: Etí ìwé ni wọ́n gé. Kò ju bí ìka kan lọ. Àwòrán wà níbẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀, Morẹ́nikẹ́ wà níbẹ̀. Ìwé náà ṣì pé.

NIMAT: Ìwé náà ṣì pé! Aunty, kí ni mo fẹ́ fi Morẹ́nikẹ́ ṣe? Etí yẹn ni ìwé! Etí yẹn nìkan ni ìwé!

[Ohùn obìnrin nítòsí Nimat: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, àwọn aláìsàn ń sinmi.”]

NIMAT: Ẹ má bínú, ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì. [Ó rẹ ohùn sílẹ̀] Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gé kúrò ńkọ́? Mo lè lẹ̀ ẹ́. Mo mọ nǹkan rán, mo mọ nǹkan lẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kó o fún mi. Kó tiẹ̀ rún, kó tiẹ̀ ya, màá tò ó.

JUDITH: Nimat.

NIMAT: Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ lórí. Màá mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.

JUDITH: Inú àpò ni wọ́n máa ń kó bébà gígé sí, pẹ̀lú ti káàdì ìgbéyàwó àti ti káléńdà. Àwọn tó ń kó bébà á wá gbé e. Wọ́n ti gbé e láti ìjẹta.

[Nimat ń sunkún. Ẹ́ńjìnnì ń lọ.]

JUDITH: Sunkún díẹ̀. Èmi náà sun tèmi.

NIMAT: Ẹ má fi tiyín wé tèmi.

JUDITH: Ó dáa. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gé.

NIMAT: Ẹ ní kí ni?

JUDITH: Iná lọ nígbà tí wọ́n ń gé e. Mẹ́ta ló kù. Ìkẹsàn-án, ìkẹwàá, ìkọkànlá.

NIMAT: Ìkọkànlá. Ìbéèrè Daddy wà ńbẹ̀. Ọwọ́ Mummy wà nínú ìkẹwàá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé bí òjò bá ń rọ̀, àwọn máa ń gbọ́ orúkọ Daddy. Aunty, níbo ni mẹ́ta yẹn wà?

JUDITH: Ọwọ́ dispatch ẹ̀. Mile 12 ló wà báyìí, ó lọ gbé ẹrù míì. Tó bá ṣẹ́rí wá sí Kétu, ogún ìṣẹ́jú pọ̀ jù.

NIMAT: Ẹ sọ fún un kó máa bọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ma! Ẹ jọ̀ọ́! Mo ti bú yín, ẹ má bínú, ẹ dárí jì mí, ẹ ṣáà bá mi bá Jayé sọ̀rọ̀—

JUDITH: Mò ń bá a sọ̀rọ̀.

NIMAT: Nígbà wo?

JUDITH: Báyìí. Lórí WhatsApp. Láti ìgbà tó o ti pè.

NIMAT: Ó wà lórí fóònù? Ó ń dá yín lóhùn, kò gbé tèmi?

JUDITH: Ó ní kí n bá òun kí adúmáadán.

NIMAT: Háà.

JUDITH: Ó ní òun gbọ́ pé Daddy ẹ fẹ́ lajú. Ó ní wọ́n máa rí mẹ́ta yẹn bí wọ́n bá lajú, tó o bá mú ẹnì kan wá.

NIMAT: Rárá.

JUDITH: Ẹnì kan péré.

NIMAT: Rárá! Èmi kì í ṣe irú yín!

JUDITH: Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan mò ń fọ abọ́, mo ní kí n rántí bí imú ọmọ mi ṣe rí. Mi ò rántí. Mo rántí ojú ẹ̀, mo rántí etí ẹ̀, imú ò wá. Mo dúró síbẹ̀, omi ń dà sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ ọ́ sórí group pé èmi ni onídùúró Jayé.

NIMAT: Màá tú u síta. Màá kọ gbogbo ẹ̀ sórí group lónìí yìí.

JUDITH: Kọ ọ́. Mẹ́ta tó kù á lọ sábẹ́ máṣìn kí ẹnikẹ́ni tó kà á tán. Ta ló sì máa gbà ẹ́ gbọ́? Ṣebí Adébísí náà kọ ọ́ lóṣù tó kọjá. Ó ní Jayé gbé fọ́tò bàbá òun lọ.

NIMAT: Adébísí…

JUDITH: Ìwọ lo kọ́kọ́ dá a lóhùn. O ní kó lọ wá oògùn ìlara lò, kó yéé ba ọmọ èèyàn gidi lórúkọ jẹ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí group nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. O fi àmì ẹ̀rín síbẹ̀, mẹ́ta.

NIMAT: Mo rò pé ó ń parọ́ ni.

JUDITH: Ohun tí àwọn náà máa rò nípa tìẹ nìyẹn.

[Ohùn bàbá àgbàlagbà, láti inú yàrá: “Nimat! Nimat o! Dókítà ti fẹ́ wọlé. Ṣé ìwé wà lọ́wọ́ ẹ?”]

NIMAT: Ó wà lọ́wọ́ mi, Daddy! Mò ń bọ̀!

[Ohùn bàbá: “Gbé ìkejìlá sókè pátápátá. Òun ni mo máa kọ́kọ́ wò!”]

NIMAT: Ẹ… ẹ ti gbọ́ wọn.

JUDITH: Mo gbọ́ wọn. Ohùn wọn dáa. Jayé ń bèèrè o. Ó ní dispatch ti fẹ́ kọjá sí Ìkòròdú, tó bá ti kọjá, kò ní ṣẹ́rí mọ́.

NIMAT: Ẹ ní kó dúró.

JUDITH: Kó dúró de kí ni?

[Ẹ́ńjìnnì. Èémí Nimat.]

NIMAT: Bàbá kan wà.

JUDITH: Ẹ̀n.

NIMAT: Ní Mende. Èmi ni mò ń bá wọn tún aṣọ ṣe. Wọ́n ń kó sítáǹbù ara lẹ́tà jọ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré. Ìwé ńlá mẹ́jọ. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn ò sí nílùú. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń ṣí i wò. Wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á nu ún gbẹ, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

JUDITH: Ṣé wọ́n wà lórí group?

NIMAT: Èmi ni mo fi wọ́n sí i, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọn ò tí ì sọ̀rọ̀ rí. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹyọ kan tí kò sí lára tiwọn, pé kí n bá àwọn bèèrè. Bí mo bá ní ẹnì kan dáa, wọn ò ní bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

JUDITH: Orúkọ wọn?

NIMAT: “Ọmọ mi obìnrin” ni wọ́n máa ń pè mí, Aunty.

JUDITH: Orúkọ wọn, Nimat. A ti fẹ́ wọ abẹ́ bíríìjì, network máa lọ.

[Ohùn nọ́ọ̀sì: “Ọmọ bàbá yìí dà? Dókítà ti wọlé o.”]

NIMAT: [wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́] Oyèwùmí.

JUDITH: Kí ni?

NIMAT: Oyèwùmí.

JUDITH: Mi ò gbọ́! Sọ ọ́ sókè!

NIMAT: Àwọn èèyàn ń wò mí níbí—

JUDITH: Hẹ́lò? Ṣé o wà ńbẹ̀? Jayé ní òun ti fẹ́—

NIMAT: Oyèwùmí! Bàbá Oyèwùmí, Mende!

[Ohùn bàbá láti inú yàrá: “Ta lò ń pariwo orúkọ ẹ̀ bẹ́ẹ̀, Nimat?”]

NIMAT: Kò sẹ́ni kan, Daddy! Aunty? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

JUDITH: Ó… já… Oyè ta…

NIMAT: Oyèwùmí! Ilé aláwọ̀ ewé, òpópónà kejì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì! Àwọn nìkan ló ń gbé ibẹ̀! Ẹ sọ fún Jayé pé kí wọ́n má gé mẹ́ta yẹn! Ẹ sọ fún un pé èmi ni onídùúró ẹ̀!

[Ariwo lórí wáyà]

NIMAT: Aunty! Mo ní èmi ni onídùúró ẹ̀! Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọmọ inú ẹ̀! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Aunty Judith, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbọ́—

[Ìpè já.]